Ta Ni Ó Sọ Pé Ẹnikẹ́ni Kò Mọ Odò Náà?

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, ó ti wọ inú ìwé ìpolongo ìrìn-àjò afẹ́, ó sì ti di ohun tí a fi ń yangàn. Wọ́n á ní, «un coin que personne ne connaît», ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n á ní omi ibẹ̀ mọ́ gaara, pé igi ṣíji bò ó, pé kò sí ọ̀nà ọ̀dà tí ó dé ibẹ̀, pé kò sí ẹni tí ń gba owó ìwọlé, pé ènìyàn lè bọ́ṣọ kí ó sì lúwẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa pàápàá, nígbà tí a bá ń jíròrò lórí ìrìn-àjò ìsinmi, irú ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè fún. Ẹ má mú wa lọ sí ibi tí gbogbo ayé ń lọ mọ́, wọ́n á ní, ẹ mú wa lọ sí ibi tí a kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

N kò bá ìfẹ́ omi jà. Ẹni tí ó bá ti gbé Ìfọ̀nyìn ní oṣù kẹta, nígbà tí òjò kò tíì dé tí erùpẹ̀ pupa sì ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀, mọ ohun tí omi tútù ń ṣe fún ara. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo bá jà. Kò sí odò kan ní ilẹ̀ Nàgó, láti Ìfọ̀nyìn títí dé Kétu, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Obìnrin tí ń fi omi rẹ̀ rẹ gbágùúdá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń fún epo pupa lẹ́bàá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdẹ tí ń gba etí rẹ̀ kọjá lóru mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ibi tí ó jìn àti ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ là. Ìdílé tí orúkọ odò náà wà nínú oríkì wọn mọ̀ ọ́n kí a tó bí baba ńlá ẹni tí ó wá ya fọ́tò. Nígbà tí a bá wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ohun tí à ń sọ ní tòótọ́ ni pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Èdè Faransé tí a fi kọ́ wa níwèé tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó burú ju èyí lọ: «site vierge». Wúńdíá odò! Odò tí a ti fi omi rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun láti ìran dé ìran, tí a ti pọn omi rẹ̀ fún ìgbéyàwó àti fún ìsìnkú, tí àwọn abiyamọ ti kúnlẹ̀ létí rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Bí irú odò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ wúńdíá, a jẹ́ pé wúńdíá ni ìyá tí ó bí ìyá mi náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé kí n má fi gègé mi pa eṣinṣin. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń gbé omi dé.

Ní Ìkógòsì, ní ilẹ̀ Èkìtì, ìsun omi méjì ń ṣàn jáde láti inú òkè. Ọ̀kan gbóná, ìwọ̀n ooru rẹ̀ ní orísun tó nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èkejì tutù. Wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé, ẹni tí ó bá sì dúró sí ìpàdé wọn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ inú èyí tí ó gbóná kí ó sì ki èkejì bọ inú èyí tí ó tutù. Mo gbà pé kò sí ohun tí ó yani lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí àwọn ìwé ìpolongo wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ fún yín pé John McGee, òjíṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ni ó ṣàwárí omi náà ní àwọn ọdún 1950. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe ni pé ó dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, n kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìkógòsì ti ń sọ ìtàn ọdẹ kan àti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjì, ọ̀kan onínú fùfù, èkejì onísùúrù, tí wọ́n di omi méjì tí ń ṣàn títí dòní. Ẹni tí ó ti fún omi ní ọkọ àti orogún, ẹni tí ó ti gbọ́ ìjà wọn tí ó sì mọ èyí tí inú ń bí nínú wọn, ṣé ó tún kù kí ẹlòmíràn wá ṣàwárí omi náà fún un?

Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ dárúkọ obìnrin kan, Akinla, ọmọ-ọmọ Odùduwà, pé òun ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀sọ̀ọ̀rò omi Olúmirin. Ìpele méje ni omi náà ní, èémí ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì í gbé wọn kọjá ìpele kejì. Ìlú náà ti sọ ìtàn àwárí tirẹ̀ sílẹ̀, kò fi àyè sílẹ̀ fún aláwàárí mìíràn. Bí ó ti yẹ kí a ṣe nìyẹn.

Kí ẹ má baà rò pé àwọn ará òdì kejì ibodè Ìgólò nìkan ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a padà sí orílẹ̀-èdè tiwa. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ sí kí ó tó kú ni Tanougou, ní agbègbè Tanguiéta, lábẹ́ òkè Atacora. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀ ju 500 kìlómítà lọ. Omi náà ń já bọ́ láti orí àpáta tí ó ga tó nǹkan bí mítà 15, ó sì ṣe ibú kan sí ìsàlẹ̀ tí ènìyàn lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo bá ẹgbẹ́ kan lọ síbẹ̀ ní ọdún tí mo gba ìwé ẹ̀rí licence mi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé ń fò láti orí àpáta sínú ibú, a sì rò pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe, títí tí ọ̀kan nínú wa fi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tí ó fẹ́ fò láti ibòmíràn. Amọ̀nà wa di apá rẹ̀ mú. Ó fi ọ̀pá gígùn kan ti inú omi níbi tí ó fẹ́ fò sí, ọ̀pá náà kò sì ju àyà ènìyàn lọ kí ó tó kan òkúta. Ó ní bí òjò bá ti rọ̀ tán ibẹ̀ jìn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ibẹ̀ di ikú. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwa tí a ní licence ni àlejò tí a wí yìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí arìnrìn-àjò afẹ́ méjì, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ní ọgbà ẹranko Pendjari, èyí tí kò jìnnà sí Tanougou. Àwọn ọmọ ogun Faransé gbà wọ́n padà ní ilẹ̀ Burkina Faso, méjì nínú àwọn ọmọ ogun náà sì kú. Amọ̀nà tí ó mú àwọn arìnrìn-àjò náà lọ, Fiacre Gbédji, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ni àwọn agbébọn pa ní tirẹ̀. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá léèrè orúkọ rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n jí òyìnbó gbé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó rántí pé amọ̀nà kan wà. Àṣà kan náà ni: ẹni tí ó mọ ibẹ̀ ni kì í sí nínú ìtàn ibẹ̀.

Láti ìgbà náà, pàápàá láti ìparí ọdún 2021 tí ìkọlù ti pọ̀ sí i ní Atacora àti Alibori, kò sí olùkọ́ tí ó ní làákàyè tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ìhà ibẹ̀ fún eré omi. Ìdí nìyí tí ojú fi padà sí gúúsù, sí ọ̀dọ̀ wa. A kò ní òkè, a kò ní ọ̀sọ̀ọ̀rò omi. Ohun tí a ní ni àwọn àfonífojì kéékèèké láàárín oko ọ̀pẹ, níbi tí omi ti ń sun lábẹ́ igi ńlá, tí ó ń ṣàn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó wọ inú àbàtà. Nínú àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọlọ́kadà àti ọlọ́fóònù ti ń wá «coin secret» tiwọn nísinsìnyí.

Mo mọ ọ̀kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ abúlé tí ó wà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé òun ni mò ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò pàdánù ohunkóhun. Ìbú omi náà kò ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ. Àwọn obìnrin abúlé náà ń pọn omi níbẹ̀ ní ìdájí, wọ́n á padà wá wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin kì í sì í gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí náà. Ọjọ́ kan wà nínú ọjọ́ ọjà márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ kan omi náà. Kò sí pátákó tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò nílò pátákó.

Ẹnìkan ya fídíò ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ni, kò ní ẹ̀tanú kankan nínú. Ó fi orin sí i, ó kọ «paradis inconnu» sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi àwòrán ojú ọ̀nà hàn. Ní ọjọ́ Sunday tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kadà mẹ́ta ni ó dé. Kí òjò tó dé, a kò lè ka iye wọn mọ́. Wọ́n ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, wọ́n ń bọ̀ láti Kútọnu, àwọn kan ń bọ̀ láti òdì kejì ibodè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ orin wá. Wọ́n wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, wọ́n fọ ọ̀kadà wọn pẹ̀lú. Wọ́n fi ọ̀rá omi mímu àti ìgò fífọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin dẹ́kun wíwẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé àwọn ọkùnrin tí wọn kò mọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n dẹ́kun pípọn omi mímu níbẹ̀ pátápátá, wọ́n ń rìn lọ sí ibi ẹ̀rọ omi tí a ń fi owó ra, wọ́n sì ń san owó lórí ohun tí wọn kò san owó lórí rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn àgbà abúlé ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà omi náà. Gbogbo wa mọ ohun tí màrìwò ń wí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún ẹni tí ń bọ̀ pé: dúró níbẹ̀, béèrè kí o tó wọlé. Àwọn àlejò náà bẹ ara wọn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjá. Àwọn kan dúró sábẹ́ rẹ̀ láti ya fọ́tò nítorí pé ó lẹ́wà. Wọ́n ya ewé pèrègún tí ó wà létí omi láti fi jókòó. Ọmọ Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn! Wọ́n ti lọ sí ilé-ìwé, wọ́n lè ka Molière, wọ́n lè ka àkọlé «Défense d'entrer» láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n sì yà kúrò. Ìwé tí bàbá wọn kọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ ni wọn kò lè kà. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, mo mọ ẹni tí a ó bi léèrè nípa irú àìmọ̀wé bẹ́ẹ̀: àwa tí a ń kọ́ wọn ni.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan, olùkọ́ bí èmi, gbé òfin dìde sí mi. Ó ní òfin lórí omi tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2010 ka omi sí ogún àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè, pé abúlé kankan kò lè sọ pé tòun nìkan ni. Òótọ́ ni òfin náà. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni àwa Yorùbá ka ogún àjùmọ̀ní sí ohun tí kò ní olówó? Ilé ẹbí jẹ́ ogún àjùmọ̀ní. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti Kútọnu dé kì í wọ inú yàrá ìyàwó àbúrò rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn nítorí pé ilé bàbá wọn ni. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa ni a ní láti béèrè kí a tó fọwọ́ kàn. Ìjọba kan náà ni ó sì ṣe ìlànà ní ọdún 2012 láti dá àwọn igbó mímọ́ mọ̀ lábẹ́ òfin àti láti fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní ipò nínú ìtọ́jú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi òfin gbá wa lójú, kí ó ka gbogbo òfin náà tán.

Wọ́n tún ní owó ni yóò wọlé. Àlejò á wá, abúlé á là. Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí a ti polongo pé kò sí ẹnikẹ́ni, ta ni a ó san owó fún níbẹ̀? Fídíò yẹn mú èrè wá fún ẹni tí ó yà á, ó mú èrè wá fún ẹni tí ń ta ọtí ní ojú ọ̀nà ńlá. Àwọn obìnrin tí ń ra omi kò rí sẹ́fà kan. Ní Tanougou, àwọn ọmọ abúlé ń jẹ nínú omi wọn nítorí pé àwọn ni wọ́n ń mú àlejò lọ. Ní Àjárà, nítòsí Àjàṣẹ́, níbi Odò Dúdú, àwọn ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń tu àlejò lórí omi tí ewé àti gbòǹgbò ti sọ di dúdú, àlejò sì mọ ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí àlejò bá ti gbà pé onílé wà ni owó ti ń mọ ọ̀nà ilé onílé.

Ní ti àwọn tí ó sọ pé èèwọ̀ jẹ́ ìgbàgbọ́ asán, n kò ní fi àkókò ṣòfò púpọ̀. Kí wọ́n lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ìlú ti yí i ká, igi ńlá sì tún dúró síbẹ̀, nítorí pé èèwọ̀ ni láti gé igi, láti dọdẹ àti láti pẹja níbẹ̀, àti nítorí pé àwọn ènìyàn kan, tí Susanne Wenger jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi ìgbésí ayé wọn gbèjà èèwọ̀ náà. Ohun tí ó ń ba omi Ọ̀ṣun jẹ́ lónìí kì í ṣe àwọn olùsìn. Àwọn awakùsà wúrà tí ó wà ní òkè odò ni wọ́n sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀.

Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ wí. Ó kù àwọn àgbà wa, kí wọ́n forí jì mí.

Nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí omi yẹn, àwọn kan nínú àwọn baba wa ti ń sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà: kí a fi omi pamọ́, kí a má mú ọmọ ilé-ìwé kankan dé etí odò mọ́, kí a dẹ́rù bà wọ́n pẹ̀lú ìtàn iwin. N kò fara mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, omi pa nǹkan bí 300,000 ènìyàn káàkiri ayé, ó sì ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn lọ tí ó jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ bí tiwa. Àwọn ọmọ Ganvié mọ ìwẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé, nítorí pé orí omi ni ilé wọn wà. Àwọn ọmọ tiwa, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, kò mọ̀ ọ́n. Ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, a ń kọ́ wọn ní eré sísá, a ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹsẹ̀ kan omi. Ọmọ tí a fi iwin dẹ́rù bà yóò lọ síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, yóò sì lọ láìní ẹni tí yóò fi ọ̀pá wọn ibú fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá omi tí ó mọ́ gaara, ẹ gbọ́: mímọ́ gaara kì í ṣe àìlárùn. Àtọ̀sí ajá, èyí tí Faransé ń pè ní bilharziose, ń bẹ ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ó ní in bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò náà á pa nínú omi, á wọ inú ìṣáwùrú tí ń gbé lára koríko etí omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì jáde padà láti wá awọ ara ènìyàn tí yóò gbà wọlé. Ènìyàn kò ní láti mu omi náà. Kí ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ti tó. Omi tí ó dúró, tí koríko pọ̀ létí rẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán ń ràn sí, ni ó léwu jù lọ. Omi tí ń sáré lórí òkúta sàn díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé ó ti di ọkùnrin. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń pín in ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì: àlejò tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ó tọ̀ sínú omi abúlé kan tí kò ní àtọ̀sí ajá rí, òun ni ó gbé e wá fún wọn. Àìsàn pẹ̀lú ń rin ìrìn-àjò afẹ́. Ìfipamọ́ kò lè dá èyí dúró. Ẹ̀kọ́ ni ó lè dá a dúró, ẹni tí yóò sì kọ́ni gbọ́dọ̀ lè mú ọmọ dé etí omi kí ó sì fi ìṣáwùrú hàn án.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa nìyí, kí a sì pinnu lórí rẹ̀ kí ìsinmi ńlá tó dé. Kí a má lọ sí omi kankan tí a kò tíì kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ín. Kí ìwé náà jẹ́ ní èdè Yorùbá tàbí ní èdè Gun, bí abúlé bá ti rí, kí aṣojú wa gbé e lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú obì, kí ó jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀. Baálẹ̀ nìkan kò tó. Kí ó béèrè láti rí àwọn obìnrin tí ń pọn omi, nítorí pé baálẹ̀ kì í pọn omi. Àwọn ni kí ó dá ọjọ́ àti wákàtí fún wa. Kí a gba ènìyàn méjì láti abúlé náà tí wọ́n mọ ìwẹ̀, kí a san owó iṣẹ́ wọn bí a ti ń san owó awakọ̀ wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má sì wọ inú omi kí àwọn tó wọ̀ ọ́. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ bá wa lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò, kí ó ya ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó má ya ọ̀nà. Bí a bá sì padà dé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ nípa omi wọn sínú ìwé ìròyìn yìí, ní èdè méjèèjì, kí ó dárúkọ àwọn tí wọ́n sọ ìtàn náà bí wọ́n bá gbà á láyè, kí ó má sì dárúkọ odò náà bí wọn kò bá gbà.

Àwọn kan yóò béèrè pé bí abúlé bá sọ pé rárá ńkọ́. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún obì tí wọ́n bá wa jẹ, a ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Àjárà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ akápò: owó ọkọ̀ ibẹ̀ kò ju ohun tí a ní nínú àpò ẹgbẹ́ lọ.